Praimárì 1, ọmọ tó ju ọgọ́ta lọ: báwo lẹ ṣe ń lo ọ̀sẹ̀ kan láti Mọ́ńdè dé Fúráìdeè?

Tíṣà Tuntun
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi lọ sí Praimárì 1 ní ilé-ìwé ìjọba kan ní agbègbè Ọ̀yọ́. Praimárì 5 ni mo ń kọ́ tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ yẹn téèyàn bá ti kọ nǹkan sí bọ́ọ̀dù wọ́n á dà á kọ, ó parí. Àwọn ti ìsinsìnyí ju ọgọ́ta lọ, ọmọ ọdún márùn-ún sí mẹ́fà, àwọn kan ti lọ nọ́sìrì wọ́n ti mọ A dé Z, àwọn kan ò tíì di pẹ́ńsù mú rí, wọ́n á kàn jókòó wọ́n á máa wò mí. Tó bá ti di aago mẹ́wàá ariwo ti gba gbogbo ibẹ̀. Scheme of work wà lọ́wọ́ mi o, ohun tí mo máa kọ́ wọn ló wà níbẹ̀, bí mo ṣe máa kọ́ ọ ni ò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ọmọ kékeré, kí lẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ ní Mọ́ńdè, báwo lẹ ṣe ń gbé e dé Fúráìdeè? Kò sí chart, bẹ́ǹṣì gan-an ò tó.

Màmá Tíṣà
Ọmọ mi, o kú iṣẹ́. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí, àmọ́ kíláàsì kìíní ni mo fi ọ̀pọ̀ ọdún mi ṣe. Ọ̀rọ̀ kan ni mo ní, tó o bá gba ìyẹn ìyókù á rọ̀ ẹ́ lọ́rùn: má jẹ́ kí bọ́ọ̀dù ṣíwájú. Ọmọ ọdún mẹ́fà á kọ́kọ́ fi ẹnu sọ nǹkan, á fọwọ́ kàn án, kó tó wá kan pé ó ń kọ ọ́. Ẹnu, ọwọ́, ìwé. Àwa tíṣà la máa ń gbé ìwé ṣáájú.

Wá mú nǹkan kan ṣoṣo fún odindi ọ̀sẹ̀. Ká ní ọjà. Kò sí ọmọ níbẹ̀ tí ò tíì bá ìyá ẹ̀ tàbí ìyá àgbà dé ọjà rí. Ní Mọ́ńdè, lẹ́yìn ásẹ́ḿbílì àti yíyẹ èékánná wò, má ṣí ìwé kankan. Bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń tà nílé wọn, kí ni wọ́n rí lọ́jà, ta ló ń ta kí ni. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nílé. Ibẹ̀ lo ti máa gbọ́ ohùn àwọn tí wọ́n kàn ń wò ẹ́ yẹn, torí ọmọ tí ìyá ẹ̀ ń ta ata á sọ fún ẹ pé rodo yàtọ̀ sí ṣọ̀ńbọ̀, pé tàtàṣé ò ta, á máa sọ ọ́ lọ títí wàá fi ní ó tó. Kí wọ́n tó lọ ilé, ní kí ẹni tó bá ní páálí ọṣẹ tàbí agolo mílíìkì tó ti ṣófo mú un bọ̀ lọ́la. Agolo yẹn, wo ẹnu ẹ̀ dáadáa kó má gé wọn lọ́wọ́. Má ní kí wọ́n ra nǹkan kan o, àwọn òbí ò ní fún ẹ sinmi.

Ní Túsìdeè, da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n tò ó: èyí tá à ń sè, èyí tá à ń jẹ ní tútù, èyí tí kì í ṣe oúnjẹ. Wọ́n á jiyàn. Ọmọ kan á ní wọ́n ń se ọ̀gẹ̀dẹ̀, èkejì á ní rárá jíjẹ ni, àwọn méjèèjì ló gba máàkì, ìwọ jẹ́ kí wọ́n ṣàlàyé. Ìṣirò kì í ṣe ti ọjọ́ kan ní tiẹ̀, ojoojúmọ́ ni, àárọ̀ nígbà tójú wọn ṣì mọ́. Period ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó wà lórí timetable yẹn, pín in sí méjì, ìdajì lórí ìjókòó, ìdajì lórí ìdúró.

Akọ́niníbàdàn
Òótọ́ ni màmá sọ. Ohun tí mo fẹ́ fi kún un ni pé ọgọ́ta ọmọ ò ṣeé kọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ má gbìyànjú ẹ̀. Ẹ pín wọn sí ẹgbẹ́ mẹ́fà, ẹ fún ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lórúkọ ẹranko, ẹ da àwọn tó lọ nọ́sìrì pọ̀ mọ́ àwọn tí ò lọ. Ẹgbẹ́ méjì á wà lọ́dọ̀ yín níwájú, méjì á máa ka ìdérí ìgò, méjì á máa yàwòrán tàbí kí wọ́n wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú yanrìn, ẹ sì máa yí wọn po. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́ á rí rádaràda, ẹ fara dà á. Ẹ fi olórí sí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, Mọ́ńdè-Mọ́ńdè ni kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, kẹ́ ẹ sì fi àwọn tí kì í sọ̀rọ̀ náà ṣe olórí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó àwọn tí ò tíì mọ̀wé jọ sẹ́yìn kíláàsì, wọ́n mọ̀ o! Ọmọ ọdún márùn-ún mọ ìdí tẹ́ ẹ fi gbé òun síbẹ̀.

Ìyá Ìbejì
Ti ìṣirò ni tèmi. Oókan dé ẹẹ́wàá ò le rárá, orin lásán ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, ibi tó ti ń dojú rú ni mọ́kànlá lọ sókè. Mọ́kànlá, méjìlá, mẹ́tàlá, mẹ́rìnlá, à ń fi kún mẹ́wàá ni. Tó bá wá di márùndínlógún a ti yí i padà, à ń yọ kúrò nínú ogún ni títí dé mọ́kàndínlógún. Ti òyìnbó ò rí bẹ́ẹ̀, fifteen ṣì jẹ́ mẹ́wàá àti márùn-ún, so ọmọ tó ń kọ́ méjèèjì lọ́sẹ̀ kan náà á dàrú tí ò bá fojú rí i.

Bí mo ṣe ń ṣe é nìyí. Ogún ìdérí ìgò, ìlà méjì, mẹ́wàá lókè mẹ́wàá nísàlẹ̀. Ẹ kà á. Ogún. Ó yá, ẹ fa márùn-ún kúrò ní ìlà ìsàlẹ̀, mélòó ló kù? Wọ́n á ka gbogbo ẹ̀ lẹ́yọ lẹ́yọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má dá wọn dúró, wọ́n á dé márùndínlógún fúnra wọn, wọ́n á wá rí i pé ogún ló dín márùn-ún lóòótọ́. Ẹ má tíì palẹ̀ mọ́. Ẹ ní kí wọ́n tún ìdérí kan náà wò: ìlà òkè pé mẹ́wàá, ìlà ìsàlẹ̀ ku márùn-ún, 10 àti 5, ẹ wá kọ 15 sí bọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ kejì ẹ fa mẹ́rin kúrò, lẹ́yìn náà mẹ́ta. Ìṣirò ọ̀sẹ̀ kan ti tó nínú ìyẹn, ẹ má sáré lọ sí ọgbọ̀n.

Ọ̀tayò
@Ìyá Ìbejì ẹ ṣeun mà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń wá ohun èlò, ẹ lọ wá páálí ẹyin lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta ẹyin. Kireeti kan, ihò ọgbọ̀n ló ní, ìlà márùn-ún, mẹ́fà mẹ́fà. Ẹ gé ìlà méjì, ọpọ́n ayò nìyẹn, ihò méjìlá. Ẹ gé ìlà méjì mìíì, ọpọ́n kejì. Ìlà tó kù ẹ fi ṣe ibi ìkó-ṣọ́ọ̀kì sí. Ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, méjìdínláàádọ́ta lápapọ̀, àmọ́ fún Praimárì 1 ẹ fi méjì méjì bẹ̀rẹ̀, ìyẹn mẹ́rìnlélógún, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kàn máa pín in yíká ihò láì jẹ ẹnikẹ́ni. Pípín yẹn gan-an ni ìṣirò, ihò kan ọmọ kan, kò gbọdọ̀ fo. Àwọn ọmọ tí bàbá àgbà wọn ń ta ayò á máa kọ́ tíṣà 😂

Ará Kétu
Ẹ kú ìjókòó o. Ní ọ̀dọ̀ wa níbí ní Bẹ̀nẹ̀, CI là ń pe kíláàsì àkọ́kọ́, Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ wọn láti ìbẹ̀rẹ̀, so ti èdè yẹn ẹ̀yin lẹ ni ín. Àmọ́ ẹ jẹ́ n sọ ti síléètì. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì àti àkísà. Tíṣà á bi ìbéèrè, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Á gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á kọ ìdáhùn. Á tún gbá a, gbogbo ṣọ́ọ̀kì á lọ sílẹ̀. Á gbá a lẹ́ẹ̀kẹta, gbogbo síléètì á lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. La Martinière ni wọ́n ń pè é. Ọmọ ọgọ́ta, ẹ̀ẹ̀kan lójú yín á kárí gbogbo wọn, ẹ ti mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n àti ẹni tó ń wo ti ẹnìkejì. Ariwo "tíṣà èmi, tíṣà èmi" yẹn á tán pátápátá.

Akọ́niníbàdàn
Ẹ̀gbọ́n Kétu, èyí dáa gan-an. Síléètì ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa mọ́, àmọ́ káfíńtà á fún yín ní àjákù pílíwúùdù lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ ha etí ẹ̀ kó dán, ẹ kùn ún ní ọ̀dà dúdú tí kì í dán, ó ti di síléètì.

Bàbá Ṣadé
Ẹ má bínú o, òbí ni mí, mi ò kí ń ṣe tíṣà. Gbogbo ohun tẹ́ ẹ ń sọ yìí dùn-ún gbọ́, ata, ọjà, ayò. Àmọ́ ọmọ mi gbọ́ Yorùbá nílé, òyìnbó ni mo rán an lọ kọ́. Tó bá dé Praimárì 6 ṣé Yorùbá ni wọ́n máa fi bi í ní common entrance ni? Ilé-ìwé aládàáni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ọmọ ọdún mẹ́rin ń sọ òyìnbó níbẹ̀ bí ẹyẹ odídẹrẹ́.

Ọmọ Modákẹ́kẹ́
@Bàbá Ṣadé ẹ kú iṣẹ́ sà, ìbéèrè yín dáa, wọ́n sì ti dán an wò ní àdúgbò wa níbí. Lọ́dún 1970, Yunifásítì Ifẹ̀, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ìwé St. Stephen's 'A' ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ yẹn ní gbogbo nǹkan fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò o, sáyẹ́ǹsì o, wọ́n sì kọ́ wọn ní òyìnbó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀, pẹ̀lú tíṣà tó mọ̀ ọ́n kọ́ dáadáa. Wọ́n wá fi wọ́n wé àwọn tó yí sí òyìnbó ní Praimárì 4 bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbòmíì nígbà yẹn. Àwọn ọmọ Yorùbá yẹn ò gbẹ́yìn rárá, nínú òyìnbó gan-an wọ́n ṣe dáadáa. Torí náà sà, kò sẹ́ni tó ní ká má kọ́ wọn ní òyìnbó. Kó mọ nǹkan náà ní èdè tó gbọ́ ná, kó wá mọ orúkọ ẹ̀ ní òyìnbó. Ọmọ tó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ márùn-ún kúrò nínú ogún, subtraction ò lè dẹ́rù bà á.

Odídẹrẹ́ yẹn náà, sà, ẹ bi í kó sọ ìtumọ̀ ohun tó sọ.

Bàbá Ṣadé
Hmm. Mo gbọ́ o. Àmọ́ ẹ má pa òyìnbó yẹn tì ṣá.

Ìwé Kíkà
Ẹ jẹ́ ká padà sí ètò ọ̀sẹ̀ wa jàre, Wẹ́sìdeè ló kàn, ti lẹ́tà. Lẹ́tà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ló wà nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa, ẹ má fi gbogbo ẹ̀ há wọn lẹ́nu, méjì lọ́sẹ̀ ti tó. Láti inú ọjà yẹn náà lẹ máa mú un: a ti ata, e ti epo, ẹ ti ẹja, i ti iṣu, o ti òróró, ọ ti ọ̀gẹ̀dẹ̀. Etí kó ṣáájú ojú o. Ẹ pe nǹkan mẹ́ta, ata, ẹja, epo, ẹ ní kí wọ́n sọ èyí tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ. Tí wọ́n bá ti ń gbọ́ ìyàtọ̀ epo àti ẹja, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó fi àmì tó wà lábẹ́ ẹ hàn wọ́n. Ìka nínú yanrìn ní àkọ́kọ́, ṣọ́ọ̀kì nílẹ̀, pẹ́ńsù lẹ́yìn.

Ti ohùn náà, dò rè mí, ẹ má kọ àmì kankan sí bọ́ọ̀dù fún Praimárì 1. Dò, kí wọ́n gbá itan. Rè, kí wọ́n gbá àyà. Mí, kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lókè orí. Epo, àyà, àyà. Ẹ̀wà, itan, itan. Igbá, àyà, òkè. Tòmátò, itan, òkè, itan. Tó bá di ọ̀gẹ̀dẹ̀ wọ́n á gbá itan lẹ́ẹ̀mẹta wọ́n á máa rẹ́rìn-ín bí ẹni pé ẹ ṣe awàdà. Ọ̀nà tó dáa láti jí wọn lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán nìyẹn.

Ẹ wá ṣọ́ra fún p. Àwọn tó ti nọ́sìrì tí wọ́n ń lo Jolly Phonics (ètò tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní ìró lẹ́tà òyìnbó) bọ̀, s a t i p n ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, p ti òyìnbó ló wà létí wọn, ti "pen". P tiwa nínú pátákó àti pẹ́pẹ́yẹ yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá ń ṣe p ní òyìnbó lọ́sẹ̀ yìí, ẹ fi tiwa sí ọ̀sẹ̀ mìíì. S àti ṣ náà rí bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Èkìtì Kete
U ńkọ́? Ẹ kò fi nǹkan ọjà kankan sí u 😄

Ìwé Kíkà
Kò sí ọ̀rọ̀ tó fi u bẹ̀rẹ̀ nínú Yorùbá àjùmọ̀lò, inú ọ̀rọ̀ lẹ ti máa wá a: iṣu, ìlù, dúdú.

Ọmọ Èkìtì Kete
Lọ́dọ̀ yín nìyẹn. Àwa ní ulé, àwa ní uṣẹ́. Tíṣà tó bá wà l'Ékìtì, ẹ má jẹ́ kí ọmọ tó pè é bẹ́ẹ̀ rò pé òun gba òdo. Ẹ ní "ulé nilé yín, ilé nínú ìwé", kẹ́ ẹ máa lọ.

Tíṣà Tuntun
Ẹ ṣeun gan-an, mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ìbéèrè méjì. Ọmọbìnrin kan wà tó ń fọwọ́ òsì kọ̀wé, ìyá ẹ̀ wá bá mi pé kí n máa gba pẹ́ńsù lọ́wọ́ ẹ̀ kí n fi sí ọ̀tún. Èkejì, hẹ́dìmísírẹ́ẹ̀sì wa fẹ́ máa rí nóòtì nínú ìwé àwọn ọmọ lójoojúmọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé a kò kọ nǹkan kan ní Mọ́ńdè?

Màmá Tíṣà
Fi ọwọ́ òsì ọmọ yẹn sílẹ̀. Kí ọmọ má fọwọ́ òsì na nǹkan sí àgbà, ìyẹn ìwà ọmọlúàbí ni, kọ́ ọ. Ìkọ̀wé ò sí lára ẹ̀. Gbé e jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì lápá òsì kí ìgúnpá ẹ̀ má baà máa gbá ẹnìkejì, kó yí orí ìwé ẹ̀ díẹ̀ sápá ọ̀tún kó lè máa rí ohun tó ń kọ. Pe ìyá ẹ̀, fi ìwé ọmọ náà hàn án lẹ́yìn oṣù kan.

Ti hẹ́dìmísírẹ́ẹ̀sì, kọ lesson note tìrẹ kó pé, kọ ohun tí àwọn ọmọ máa sọ àti ohun tí wọ́n máa fọwọ́ ṣe síbẹ̀, ìyẹn náà jẹ́ iṣẹ́. Ní Tọ́sìdeè kí gbogbo wọn ya nǹkan ọjà kan sínú ìwé, kí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sábẹ́, ẹni tí ò lè kọ, o lè fi àmì tó-tò-tó kọ ọ́ fún un kó tẹ̀ lé e. Kí o fi bírò pupa máàkì ẹ̀, kọ déètì. Òbí ò wo nǹkan mìíì ju bírò pupa lọ.

Akọ́niníbàdàn
Ẹ bá mi rántí òjò pẹ̀lú. Ilé-ìwé tí wọ́n fi páànù kàn láìsí àjà, tí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ ò lè gbọ́ ara yín. Ẹ má bá òjò du ariwo. Ẹ ní iṣẹ́ kan tẹ́ ẹ pa mọ́ fún ọjọ́ òjò, àwòrán, títo ìdérí, síléètì yẹn pẹ̀lú àmì ọwọ́ lásán.

Tíṣà Lárìnká
Ilé-ìwé ìjọba tí oúnjẹ ń dé, tí wọ́n ń fún Praimárì 1 dé 3, ẹ má jẹ́ kí àkókò yẹn lọ lásán. Fífọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ ni ẹ̀kọ́ ìlera, pínpín ṣíbí ni ìṣirò, ọmọ kan ṣíbí kan, ó kù mélòó?

Ìyá Ìbejì
Fúráìdeè ló kù. Ẹ ná ọjà yẹn kó tó di aago mẹ́wàá, torí ìrun Jímọ́ọ̀, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń tètè parí. Ẹgbẹ́ mẹ́ta á jẹ́ ọlọ́jà, mẹ́ta á jẹ́ oníbàárà, lẹ́yìn náà kí wọ́n pààrọ̀. Ẹ gé bébà fún owó, ₦5, ₦10, ₦20 péré. Mo mọ̀ pé ₦5 ò ra nǹkan kan mọ́ níta, ìwé ìṣirò kan ṣì wà tó ń bi ọmọ nípa kọ́bọ̀ tí ò fojú rí rí, àmọ́ nínú kíláàsì ẹ̀yin lẹ ń dá owó ọjà, ẹ fi sí iye tí wọ́n lè kà. Ìkíni kò gbọdọ̀ yẹ̀: "ẹ kú ọjà o", "ajé á wọ igbá o", kí oníbàárà ná an, kí ọlọ́jà gbà tàbí kó kọ̀, kó fún un ní ṣéńjì. Ní apá kan ọjà, ẹ ṣe ìsọ̀ òyìnbó kan, "how much?", "ten naira", Bàbá Ṣadé á gbádùn ìyẹn.

Ìdánwò ọ̀sẹ̀ náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ mú ọmọ mẹ́wàá péré, ẹ máa tẹ́tí sí wọn bí wọ́n ṣe ń tà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan: Ẹni yìí kà dé méjìlá, ẹni yìí ò tíì mọ ṣéńjì. Mẹ́wàá mìíì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Nígbà tó bá fi tó ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, méje, ẹ ti gbọ́ gbogbo wọn.

Tíṣà Tuntun
Mo dúpẹ́ gan-an ni. Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni mo máa bẹ̀rẹ̀. Níbo ni mo ti máa rí ìdérí ìgò tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀?

Ọ̀tayò
Òde ìnáwó Sátidé. Ẹ bá àwọn tó ń pín mínírà sọ ọ́ kí pátì tó bẹ̀rẹ̀, tó bá parí tán wọ́n ti gbá a dànù. Ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ sá a sóòrùn, ẹ ṣa àwọn tí etí wọn mú kúrò. Kẹ́ ẹ sì máa kà á láàárọ̀, kẹ́ ẹ tún kà á tí wọ́n bá fẹ́ lọ ilé, àpò àwọn ọmọ yẹn jìn.